CALL ẹyọ kan, SELECT mẹ́ta: kí ló dé tí PHP ń gbé ẹyọ kan péré fún mi?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mò ń fi èdè PHP kọ ojú-ìwé ìṣirò owó fún ìyá kan tó ń ta léèsì ní Balógun. MySQL ni dátábéèsì wọn. Ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí n tó dé ti kọ stored procedure kan (àkójọ àṣẹ tó wà nínú dátábéèsì, tí a ń fi CALL pè) tó ní SELECT (àṣẹ tó ń mú dátà jáde) mẹ́ta: ọjà tí wọ́n tà lóòjọ́, owó tó wọlé, àti àwọn tó jẹ gbèsè. Nínú Workbench, ètò tí a fi ń wo MySQL, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jáde. Lójú wẹ́ẹ̀bù, ọjà nìkan ni mò ń rí, query (àṣẹ sí dátábéèsì) tó bá sì tẹ̀ lé e á kọ̀ jálẹ̀: "Commands out of sync; you can't run this command now". Àwọn onígbèsè gan-an ni màmá fẹ́ rí o! Mysqli, irinṣẹ́ tí PHP fi ń bá MySQL sọ̀rọ̀, ni mò ń lò.

Ẹ̀gbọ́n Yaba: Àbúrò, kò sí ohun tó ṣe procedure yẹn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dé, àkọ́kọ́ nìkan lo gbà. Ó dà bí alábàárù tó ru ẹrù mẹ́ta dé iwájú ṣọ́ọ̀bù: o sọ̀ ọ̀kan kalẹ̀ fún un, o tún ń rán an níṣẹ́ mìíràn. Kò ní lọ. Fi multi_query ṣe CALL náà, fi store_result gba èyí tó wà níwájú, lò ó, free é (tú u sílẹ̀), kí o wá pe next_result láti bọ́ sí èyí tó kàn. Máa yí i bẹ́ẹ̀ títí next_result yóò fi dá false padà.

Ohun tó máa ń dààmú èèyàn ni pé MySQL máa ń fi ọ̀kan kún un lẹ́yìn. SELECT mẹ́ta, àbájáde mẹ́rin. Ẹ̀kẹrin yẹn kò ní ìlà kankan, ó kàn ń sọ bí CALL náà ṣe parí sí ni. Bí o bá kà á dé mẹ́ta tí o dúró, error yẹn ṣì ń dè ọ́ lọ́nà.

Ìyá Kóòdù: Èmi ò fẹ́ràn multi_query o. Bí o bá ń lẹ ohun tí oníbàárà tẹ̀ mọ́ CALL tààrà, ẹni ibi lè so query tirẹ̀ mọ́ ọn. Lo PDO, irinṣẹ́ PHP mìíràn fún dátábéèsì: prepare, execute, fetchAll láti gba àwọn ìlà, nextRowset láti bọ́ sí àbájáde tó kàn, fetchAll. Kí o tó fetchAll, wo columnCount, iye ọ̀wọ́n tó wà nínú àbájáde náà. Bó bá jẹ́ 0, òfìfo ìkẹyìn tí ẹ̀gbọ́n sọ nìyẹn, fò ó.

Ará Mushin: Kí ló dé tí kò kúkú pín in sí procedure mẹ́ta? Gbogbo wàhálà yìí!

Ẹ̀gbọ́n Yaba: Ibi tí sáfà (ẹ̀rọ tí dátábéèsì wà lórí rẹ̀) wà ni yóò sọ. Bó bá wà lórí ẹ̀rọ kan náà pẹ̀lú PHP, mo gbà, pín in. Bó bá wà lókè òkun, àlọ àtàbọ̀ kan sàn ju mẹ́ta lọ, pàápàá pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa yìí.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Jámánì ni sáfà wà, sà. PDO ti gbà, ẹ ṣeun, mà. Àmọ́ bí mo bá mú ọjọ́ Sunday tí ṣọ́ọ̀bù ò ṣí, àwọn onígbèsè ń bọ́ sábẹ́ "owó tó wọlé".

Ìyá Kóòdù: Yẹ inú procedure yẹn wò dáadáa, ó jọ pé IF kan wà níbẹ̀ tó ń fo SELECT kejì bí kò bá sí ọjà. Àbájáde wọ̀nyí kò ní orúkọ, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra la fi ń mọ̀ wọ́n. Àwọn kan á ní kí o fi ọ̀wọ́n tó ń sọ orúkọ ìpín sínú SELECT kọ̀ọ̀kan; kò burú, àmọ́ bí kò bá sí ìlà, níbo ni orúkọ náà máa jókòó sí? Yọ IF náà. Jẹ́ kí SELECT kejì wá lófìfo, ipò rẹ̀ kò ní yẹ̀.

Ará Mushin: SQL Server, dátábéèsì ti Microsoft, la ń lò níbi iṣẹ́ tiwa, òfìfo ló sì ń kọ́kọ́ jáde. UPDATE, àṣẹ tó ń yí ìlà padà, ló ṣáájú SELECT.

Ẹ̀gbọ́n Yaba: Iye ìlà tí UPDATE yí padà ni dírafà (ètò tó so kóòdù yín mọ́ dátábéèsì) ń kà sí àbájáde. Kọ SET NOCOUNT ON sí orí procedure náà, kó má bàa fi iye yẹn ránṣẹ́ mọ́.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: IF wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti yọ ọ́, Sunday ti tò dáadáa.