Ìrora ìbàdí tó ń sọ̀ dé ẹsẹ̀: ṣé ká sùn ni àbí ká máa rìn?

Ìyá Tóbi (Kubwa): Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìbàdí bàbá Tóbi ni mo bá wá. Ẹni ọdún 44 ni wọ́n, ọkọ̀ ni wọ́n ń wà láti Kubwa lọ sí Area 1, ní Àbújá. Ó di ọ̀sẹ̀ 3 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 lọ́wọ́ mai ruwa, ẹni tó ń ta omi kiri. Látìgbà náà, ìrora á gba ìdí ọ̀tún, á gba ẹ̀yìn itan, á sọ̀ dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, á máa jó wọn bí iná. Bí wọ́n bá wúkọ́, á tún le sí i. Àwọn kan ní làkúrègbé ni, pé kí wọ́n sùn sórí pákó fún ọ̀sẹ̀ 2. Àwọn kan ní abẹ́rẹ́. Èwo ni ká ṣe, ẹ jọ̀ọ́?

Físíò Gwagwalada: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Físíò ni mí, ìdárayá la fi ń tọ́jú ara. Ẹsẹ̀ ló ń ké, àmọ́ ìbàdí lọ̀rọ̀ wà. Tìmùtìmù kan wà láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì: ìta rẹ̀ yi, inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ inú ewé. Ẹni tó bá tẹ̀ síwájú gbé kílò 25, ẹ̀kọ yẹn á máa tì sẹ́yìn. Bó bá wú jáde, á fún iṣan (nerve) tó ń lọ sí ẹsẹ̀ mọ́. Ikọ́ ń tì í sí i ni wọ́n ṣe ń jẹ̀rora. Làkúrègbé kì í rìn báyìí, oríkèé ló máa ń wú, tó máa ń gan láàárọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn fún ọ̀sẹ̀ 2. Bó bá le gan-an, ọjọ́ 1 tàbí 2 ti tó. Kí wọ́n máa rìn fún ìṣẹ́jú 10, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ irú èyí ló ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12.

Kí wọ́n dojú bolẹ̀ lórí ẹní fún ìṣẹ́jú 2, kí wọ́n wá fi ìgúnpá gbé àyà sókè fún ìṣẹ́jú 2 míì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ti àyà sókè, kí ìbàdí má kúrò nílẹ̀, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Wákàtí mẹ́ta mẹ́ta ni. Ohun tí ẹ ó máa ṣọ́ rèé: bí ìrora bá ń kúrò lẹ́sẹ̀, tó ń gòkè lọ kó jọ sí ìbàdí, ó ń san nìyẹn, kódà bí ìbàdí bá ń dùn ju ti tẹ́lẹ̀. Bó bá ń sọ̀ sí ẹsẹ̀ sí i, ẹ dá a dúró.

Oníkẹ́míìsì Wuse: Ti oògùn: ibuprofen mílígíráàmù 400, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ó pẹ́ tán ọjọ́ 7. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìbi dókítà. Ẹ má pò ó mọ́ diclofenac. Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Ní ti abẹ́rẹ́, inú ìdí gan-an ni iṣan ẹsẹ̀ yẹn gbà kọjá, abẹ́rẹ́ tó bá ṣì gún un lè sọ ẹsẹ̀ di aláìlágbára. Ẹ sá fún oògùn inú ọ̀rá tí kò lórúkọ. Dexamethasone lè wà nínú rẹ̀: á mú ìrora lọ, á sì máa jẹ eegun lábẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin (Kaduna): Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyá ẹni ọdún 70 lè ṣe ìdojúbolẹ̀ yẹn? Bí wọ́n bá rìn díẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á kú. Bí wọ́n bá tẹ̀ síwájú, á fúyẹ́.

Físíò Gwagwalada: Rárá o. Ó jọ pé ọ̀nà tí iṣan ń gbà nínú eegun ẹ̀yìn ìyá ti há. Nínà sẹ́yìn á tún há a sí i. Kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí wọ́n fa orúnkún méjèèjì wá sí àyà, kí wọ́n kà dé 20, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Kí dókítà sì yẹ̀ wọ́n wò.

Nọ́ọ̀sì Mararaba: Bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, tàbí tó ń jáde láìmọ̀, tàbí tí abẹ́ àti àárín itan kú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bó ṣe òru. Bí ibà àti òógùn òru bá wà, tí ara sì ń gbẹ, ẹ rántí pé ikọ́ ife lè wọ eegun ẹ̀yìn láìsí ikọ́ rárá. Ìyá Tóbi, ẹ ní kí wọ́n fi gìgísẹ̀ rìn ní ìgbésẹ̀ 10. Ẹ wá fi ìka tẹ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí wọ́n máa gbé e sókè. Ẹ fi wé ti òsì.

Ìyá Tóbi: A ti ṣe é. Wọ́n fi gìgísẹ̀ rìn, àmọ́ àtàǹpàkò ọ̀tún kò lè ti ìka mi rárá. Ti òsì lágbára dáadáa.

Físíò Gwagwalada: Ó ti kan iṣan (nerve) tó ń mú àtàǹpàkò ẹsẹ̀ gbéra sókè nìyẹn, mà. Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ 6 mọ́. Kí dókítà rí wọn lọ́la, ì báà ṣe ní National Hospital tàbí ní ilé ìwòsàn wa ní Gwagwalada níbí. Bí wọ́n bá ní X-ray nìkan, ẹ béèrè MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara títí kan ibi tó rọ̀, torí X-ray kì í fi tìmùtìmù tàbí iṣan hàn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn wakọ̀ lọ: ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ bíréèkì.