Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ESXi 7.0 kò rí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà wa
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú ni mo wà, èmi ni mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwé kan. ESXi 6.5, ètò VMware tó ń jẹ́ kí sáfà kan ṣiṣẹ́ bí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí sáfà àlòkù wa. Mo fẹ́ gbé e sí 7.0, ó ní òun kò rí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Mo mọ ìdí rẹ̀: 7.0 tó jáde ní 2020 ti yọ vmklinux kúrò, ìyẹn apá ESXi tó ń gba díráífà àtijọ́ (ètò kékeré tó ń jẹ́ kí káàdì bá sáfà ṣiṣẹ́), nítorí náà díráífà àtijọ́ kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ṣé kí n ra káàdì mìíràn ni, àbí kí n kó lọ sí Proxmox, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ ESXi, àmọ́ tó ń lo díráífà Linux? Èsì ìdánwò àwọn ọmọ ló wà lórí sáfà yìí, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ẹni tó ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ́kọ́ ṣe?