Omi mílílítà 25, bálánsì ní kò pé

Ọmọ Lábù: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Wọ́n ní ká yẹ pípẹ́ẹ̀tì 25 ml (ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn omi) wò bóyá ó péye, mo wá fa distilled water, mo tú u sínú bíkà tí mo ti zero lórí bálánsì. 27°C ni omi náà, mílílítà kan ẹ̀ ò sì pé gíráàmù kan níbẹ̀ yẹn, 0.99654 ni, torí náà 24.914 ló yẹ kí n rí. 24.888 ló ń gbé wá ṣáá! Mílígíráàmù 26 ti pòórá, ọ̀gá wa kàn ní "air buoyancy ni", ló bá bá tiẹ̀ lọ. Ṣé afẹ́fẹ́ lásán lè jí ìwọ̀n nǹkan ni?

Kẹ́mísírì Boy: Ṣé o bo bíkà yẹn? Omi máa ń gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀, àgàgà tí fáànù bá ń fẹ́. Òun ni màá kọ́kọ́ fura sí.

Ọmọ Lábù: Mo bò ó o, mo sì pa fáànù. Tó bá jẹ́ pé ó ń gbẹ ni, nọ́ńbà yẹn ì bá máa wálẹ̀, àmọ́ ṣe ló dúró gbọin.

Bàbá Òṣùwọ̀n: Ọ̀gá yín ò parọ́, ó kàn kánjú ni. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ ri kẹ́ẹ̀gì òfìfo sínú omi, ẹ ó rí i bó ṣe máa bá yín wọ̀jà. Afẹ́fẹ́ náà ń ti gbogbo nǹkan sókè bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní air buoyancy, ó kàn jẹ́ pé tiẹ̀ kéré tí a kì í mọ̀ ọ́n lára. Mílílítà afẹ́fẹ́ kan nínú yàrá tó gbóná bíi tiyín wúwo tó mílígíráàmù 1.18, omi yín wá lé mílílítà 25 ẹ̀ kúrò láyè ẹ̀, ìyẹn lé díẹ̀ ní 29, iye yẹn náà ló fi ń ti omi sókè. Ẹ ó ní ṣebí 26 lẹ rí. Wéètì stainless tí wọ́n fi ṣètò bálánsì yẹn, afẹ́fẹ́ ti òun náà sókè, àmọ́ stainless ki ju omi lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ, àyè tó gbà ò ju mílílítà 3.1 lọ, kò ju mílígíráàmù 3.7 lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára 29, ó kù bíi 26. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní Z factor, nọ́ńbà tó ń sọ gíráàmù tí bálánsì gbé wá di mílílítà, tó ti ka afẹ́fẹ́ àti bí omi ṣe ki tó mọ́ ọn, 1.0045 ni ní 27°C, ẹ fi ṣe times 24.888 yẹn.

Ọmọ Lábù: Yéè! 25.000! Ẹ ṣeun gan-an sà. Ṣé gbogbo nǹkan ló máa ń dín báyẹn ni?

Ìyá Oníwúrà: Rárá o, ti wúrà ń lé ni. Kílò kan ẹ̀ ò gbà ju mílílítà 52, ti stainless gba 125, torí náà wúrà á fi bíi mílígíráàmù 88 ju bó ṣe wà gan-an lọ. Àmọ́ ta ló ń ra odidi kílò lọ́wọ́ wa, jàre 😂

Bàbá Òṣùwọ̀n: Òótọ́ ni mà. Ní Sèvres, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris, níbi tí ògidì kílò tí gbogbo ayé ń lò títí di 20 May 2019 wà, platinum àti iridium ni wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n bá gbé kílò stainless tì í, afẹ́fẹ́ nìkan á dá ìyàtọ̀ bíi mílígíráàmù 94 sílẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣírò ẹ̀ kúrò. Ọmọ Lábù, kọ temperature àti air pressure yàrá yẹn sínú rípọ́ọ̀tù ẹ o, torí tó bá jẹ́ Jos lo ti ṣe é, tó ga tó bíi mítà 1,200, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, 26 yẹn á sún mọ́ 22.