Ẹ gbà mí o, ọmọ mi pa Kẹ́mísìrì tì, Sáíkọ́lọ́jì ló ń ṣe!

Ìyá Ṣadé: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé àwọn arúgbó ní London níbí, ẹsẹ̀ mi á ti wú kí n tó délé láàárọ̀. Nítorí ta ni? Nítorí Ṣadé ni, kó lè di dókítà. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń pè é ní dókítà! Àfi bí wọ́n ṣe pe àwa òbí sí sixth form (ọdún méjì tó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdìrì níbí) lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí tíṣà kan bọ̀ mí lọ́wọ́, tó ní òun lòun ń kọ́ ọ ní Sáíkọ́lọ́jì. Sáíkọ́lọ́jì kẹ̀? Ìyá kan tá a jọ wà nínú kọ́áyà wà níbẹ̀, Kẹ́mísìrì lọmọ tiẹ̀ ń ṣe, ó wá ń wò mí tìka-tẹ̀gbin. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè ní kí wọ́n dá a padà sí Kẹ́mísìrì?

Bàbá Káyọ̀dé: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Year wo ló wà? Kí ló fi kún un? GCSE rẹ̀ ńkọ́, ìdánwò tó ṣe kó tó wọ sixth form? Ọ̀pọ̀ sixth form kì í gba ọmọ tí kò ní gréèdì 6 níbẹ̀ sí Kẹ́mísìrì.

Sísí Peckham: Ọmọ ìwòyí! Àbúrò mi ní fíìmù lòun fẹ́ kọ́, bàbá wa yàn án lódì títí Kérésì fi kọjá. Báǹkì ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí.

Ìyá Ṣadé: Bàọ́lọ́jì àti Máàsì ló kù. Ọmọ mi kì í ṣe olódo o! Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ nínú Sáíkọ́lọ́jì, ju kéèyàn máa bá wèrè sọ̀rọ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ìtàn lásán.

Màmá Dámọ́lá: Ohun tí Dámọ́lá mi náà rò nìyẹn, D ló gbé wálé. Ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ni wọ́n ń kọ́. Ní AQA, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò, ìdánwò mẹ́ta ni, wákàtí méjì-méjì, máàkì 96 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àròkọ onímáàkì 16 wà níbẹ̀, wọ́n á ní kó sọ ìwádìí, kó tún tú àléébù rẹ̀ síta. Ìṣirò náà wà. Dámọ́lá mọ ìwádìí Milgram lórí, ẹni tó ní káwọn èèyàn máa tan iná mànàmáná sí ẹni tó bá ṣi ìdáhùn (iná irọ́ ni). Ṣùgbọ́n wọ́n ní kó sọ ìdí tí irú ìṣirò kan fi bá ìwádìí kan mu, ló bá ń wò bọ̀ọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìwádìí òyìnbó fún òyìnbó.

Màmá Dámọ́lá: Ainsworth, obìnrin olùṣèwádìí tí wọ́n ń kọ́ wọn nípa rẹ̀, Uganda ló ti kọ́kọ́ lọ wo àwọn ìyá àtọmọ wọn, kó tó ṣe ti Amẹ́ríkà. Ẹ máa wádìí kẹ́ ẹ tó fọhùn.

Bàbá Káyọ̀dé: Ẹ dákẹ́ ìjà. Ìyá Ṣadé, Year wo? Tó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ Year 12, ọdún àkọ́kọ́ ní sixth form, ẹ lè bẹ̀ wọ́n. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè Kẹ́mísìrì fún ìṣègùn.

Nọ́ọ̀sì Kent: Ṣé ọmọ náà fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣe dókítà ṣá?

Ìyá Ṣadé: Ta ní ń bi ọmọ bóyá ó fẹ́ yó? Bàbá ẹ̀ ló fọwọ́ síwèé, kò sọ fún mi. Year 13 ni, ọdún tó kẹ́yìn. Oṣù karùn-ún ni ìdánwò. Tíṣà ní A làwọn ń retí.

Bàbá Káyọ̀dé: Year 13! Ẹ fẹ́ kó fi oṣù díẹ̀ kọ́ Kẹ́mísìrì ọdún méjì? Ẹ má dán an wò. Yunifásítì wo ló kọ̀wé sí?

Ìyá Ṣadé: Ibi méjì ti gbà á. Iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yọ lẹ́nu rẹ̀. Ṣé dókítà nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Kent: Speech therapy! Ẹ̀gbọ́n mi, ní wọ́ọ̀dù wa, tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu èèyàn, àwọn ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè gbé oúnjẹ mì. Dókítà gan-an ń dúró dè wọ́n. Ẹ lọ bá ọmọ yín ṣeré.

Ìyá Ṣadé: Mo ti gbọ́. Àbúrò rẹ̀ wà ní Year 11. Ta ló mọ lẹ́sìnnì Kẹ́mísìrì tó dáa ní ìhà Woolwich?