Níbo ni mo ti lè kọ́ ìdarí iná sólà tí gbogbo abúlé ń pín lò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Oníṣẹ́ iná ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń mójú tó iná sólà abúlé kan nítòsí wa: pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì, àti jẹnẹrétọ̀ tí a fi ń ran án lọ́wọ́.

Wáyà kò ṣòro fún mi. Ìdarí rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ mẹ́ta ń lọ pákí lọ́wọ́, bátìrì ò tíì kún, ni òjò bá ṣú. Kí n tó sáré dé ìdí jẹnẹrétọ̀, ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí à ń lò nílé, ti pa gbogbo rẹ̀. Pákí ìyá àgbà kan há sẹ́nu ẹ̀rọ, ó kàn ń wò mí ni. Ó dùn mí wọra.

Mo mọ̀ pé 50 Hz ni iná wa, ìyẹn ni pé ó ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti pé lórí wáyà ìjọba, bí ohun tí à ń lò bá ju èyí tó ń wọlé lọ, iye Hz yẹn yóò máa rẹlẹ̀. Àmọ́ béèyàn ṣe ń fojú ọjọ́ ṣírò iná ọ̀la, iye tó yẹ kó wà nínú bátìrì de ìkùukùu, ẹni tó yẹ ká kọ́kọ́ gé iná rẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń darí iná ìjọba fún gbogbo Nàìjíríà, náà ni, tiwa kàn kéré ni.

Ta ló ti kọ́ ọ rí? Ṣé ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tó, àbí dandan ni kéèyàn fọwọ́ kan ẹ̀rọ? OND ni mo ní, ṣé wọ́n á gbà mí? Mo lè wá sí Ṣàgámù tàbí Ìbàdàn lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.