Mo bá òrùka irin nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì ọmọ mi: ṣé kí n ní kó dá a padà sára alùpùpù rẹ̀?

Bàbá Tóbi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 16, ó ṣe CBT, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gun alùpùpù, a sì ra alùpùpù 50cc fún un, irú èyí tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí gbà fún ọjọ́ orí rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sá ju máìlì 28 ní wákàtí kan lọ, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ti dè é bẹ́ẹ̀.

Lánàá ni mo fẹ́ fọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo bá òrùka irin kan tí wọ́n fi tíṣù wé nínú àpò. Kò tóbi ju bọ́tìnnì kóòtù lọ, ìka ọwọ́ mi tó kéré jù kò lè wọ ihò àárín rẹ̀. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo bi í, kò purọ́ fún mi. Ó ní òrùka yìí ni wọ́n fi dín eré alùpùpù náà kù, ọ̀rẹ́ òun ló bá òun yọ ọ́, pé láti ìgbà náà alùpùpù ti ń sá tó 40.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé òótọ́ wà nínú ẹjọ́ tó rò, pé eré 28 kò tó fún òun láti sá fún lọ́rì. Mo ti fi mọ́tò tẹ̀ lé e lẹ́yìn rí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lójú ọ̀nà tí wọ́n ti gbà kí mọ́tò sá 40. Lọ́rì kan wọ àárín wa, ó sì sún mọ́ ọmọ náà débi pé iná iwájú rẹ̀ ń tàn sí i lẹ́yìn ọrùn. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lórí bíréèkì. Ṣé kí n ní kó dá òrùka yìí padà, àbí kí n fi í sílẹ̀ kó lè máa rí eré sá fún lọ́rì?

Lékè Mẹkáníìkì

Bàbá Tóbi, ẹ kú ọmọ. Èédú ara rẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá: ẹnu páìpù sáléńsà ni, níbi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìnì. Oríṣi òrùka mìíràn wà tí wọ́n máa ń fi sídìí ibi tí bẹ́líìtì ń yí lé, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ní èédú. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé àpótí kékeré oníná ló ń dín eré wọn kù, kò sí òrùka kankan.

Ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí kò mọ̀ ni pé òrùka yẹn kì í dá ṣiṣẹ́. Epo tí kábúrétọ̀ ń fún ẹ́ńjìnì, ihò kékeré yẹn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá yọ òrùka, èéfín á ráyè jáde, ẹ́ńjìnì á máa fa afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i, jẹ́ẹ̀tì inú kábúrétọ̀, ìyẹn ihò tí epo ń gbà kọjá, kò sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ á wá pọ̀ ju epo lọ. Níbẹ̀ ni ooru ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó lè lu písítíìnì ní ihò, ó sì lè mú kí písítíìnì lẹ̀ mọ́ ògiri sílíńdà lórí eré. Tó bá jẹ́ oníjíà, táyà ẹ̀yìn lè há gbagidi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ wò kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, kò tíì bàjẹ́. Tó bá funfun bí eérú, ẹ má jẹ́ kó gùn ún lọ́la.

Ìyá Ẹniọlá

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa jẹ́ẹ̀tì o, ìnṣọ́ránsì ni mo mọ̀, torí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ rẹ̀ lọ kọ lu mọ́tò onímọ́tò. Ẹni tí wọ́n rán wá wo alùpùpù náà rí i pé wọ́n ti tú ìdè rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì san owó onímọ́tò tán, wọ́n wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó san án padà fún àwọn. Títí di òní ló ń san án díẹ̀díẹ̀.

Alùpùpù tó bá ti lè sá ju 28 lọ, lójú òfin, kì í ṣe èyí tí ọmọ ọdún 16 ní láísẹ́ǹsì fún mọ́. Bí ọlọ́pàá bá mú un pé kò ní ìnṣọ́ránsì, owó ìtanràn £300 àti póìntì ìjìyà 6 lórí láísẹ́ǹsì ni, wọ́n sì lè gbé alùpùpù lọ. Póìntì yẹn á bá a dé orí láísẹ́ǹsì mọ́tò. Tó bá yege ìdánwò nígbà tí póìntì náà ṣì wà, tó tún gba ẹyọ kan láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, láísẹ́ǹsì yẹn lọ nìyẹn.

Ṣẹ́gun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú ọmọ náà jù. Mo ti gun irú rẹ̀ rí, lọ́rì yẹn kì í ṣe àlá. Ṣùgbọ́n bíréèkì àti táyà 50cc, eré 28 ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹ kọ́ ọ pé kó má máa fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àárín ibi tó ti ń rìn ni kó dúró, kí wọ́n rí i. Kó sì wá ọ̀nà mìíràn tó bá wà.

Ìgbà wo ló máa pé 17? Ọjọ́ yẹn gan-an, CBT kan náà, tó bá ṣì wà nínú ọdún méjì rẹ̀, gbà á láàyè láti gun 125cc tí agbára rẹ̀ kò ju 11 kW lọ, pẹ̀lú àmì L tó ń fi hàn pé ó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agbára ẹṣin 15. Ó tó sá fún lọ́rì, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa yọ lára rẹ̀.

Bàbá Tóbi

Ẹ ṣeun gan-an. Èmi àti Tóbi jọ tú pọ́lọ́ọ̀gì náà ni. Ó funfun bí ẹfun. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí, kò sọ̀rọ̀. Fúnra rẹ̀ ló lọ mú òrùka wá.

Oṣù mẹ́rin ló kù kó pé 17. Mo ti ṣèlérí pé màá bá a wá 125cc. Títí dìgbà náà, ọ̀nà ẹ̀yìn tó jẹ́ 30 ni yóò máa gbà, á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ìrìn rẹ̀.

Lékè, ẹ jọ̀ọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí ojú ibi tí sáléńsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnì, ṣé a lè dá ti àtijọ́ padà?

Lékè Mẹkáníìkì

Rárá o, tuntun ni kí ẹ rà. Tí ẹ bá dé e tán, ẹ tan ẹ́ńjìnì, kí ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ oríkèé páìpù náà láìfọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá gbọ́ tẹ́, tẹ́, tẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń fẹ́ sí yín lọ́wọ́, kò tíì dí, ẹ tú u pa dà. Kí ẹ sì bá mi wo ẹ̀gbẹ́ písítíìnì láti ẹnu ihò páìpù kí ẹ tó dé e. Bí ẹ bá rí ìlà tó fà gbọọrọ lára rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí.