Gbèsè orí fóònù ti dé ọrùn àbúrò mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, Ìlọrin ni mo wà. Àbúrò mi obìnrin tó ń ta ata gígún l'ọ́jà Ìpàtà yá 50,000 lórí áàpù kan, 42,500 ló wọ àkáǹtì ẹ̀ torí wọ́n ti yọ èlé kó tó rí i, ọjọ́ 14 péré ni wọ́n fún un, 57,500 ló máa dá padà. 15,000 lórí 42,500 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì! Ló bá tún lọ yá tibòmíì fi san tàkọ́kọ́. Àná ló gbé ìwé tó fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà fún mi, ẹ̀yìn ẹ̀ ló to orúkọ áàpù márùn-ún sí, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n ti fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ sí àna ẹ̀ l'Ọ́ffà pé olè ni, ìyẹn ló dùn mí jù.

Láti 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti ní kí àwọn áàpù tó ń yáni lówó máa forúkọ sílẹ̀, ṣé ẹnì kankan ti fẹjọ́ wọn sùn níbẹ̀ rí? Kọ́pù wa, ìyẹn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ń yáni lówó, èlé ẹ̀ kéré, ṣé kí n gbà á ká fi san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àbí ká máa san án díẹ̀díẹ̀? Báwo ni mo sì ṣe lè ṣàlàyé èlé fún un, kó lè máa wo iye tó máa dá padà kó tó tẹ bọ́tìnì?